Diversity àti Masters in Finance lókè òkun: ohun tí ojú mi rí nídìí àdímíṣọ̀n

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù látìgbà tí mo ti ṣe Masters in Finance, ìyẹn Masters lórí ọ̀rọ̀ owó àti ìdókòwò, tán nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé àwọn yunifásítì wọ̀nyẹn ń wá diversity, ìyẹn kí oríṣiríṣi èèyàn wà ní kíláàsì, ṣé ti pé mo jẹ́ ọmọ Áfíríkà ò ní jẹ́ kí wọ́n tètè mú mi?" Àwọn kan tiẹ̀ ti fọkàn sí i débi pé wọ́n á ní GMAT (ìdánwò ìwọlé iléèwé business) àwọn ò fi bẹ́ẹ̀ dáa àmọ́ diversity á gbé àwọn wọlé. Hàáà. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí lójú tèmi, torí owó fọ́ọ̀mù ò kéré, ó sì ń dùn mí téèyàn bá fi ṣòfò. Diversity wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ kọ́ ni ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń wò, kì í sì í ṣiṣẹ́ rárá fún ẹni tí ìgbìmọ̀ tó ń yan èèyàn ò bá tíì gbà pé ó lè ṣe ìṣirò inú kíláàsì yẹn.

Kẹ́ ẹ lè mọ bẹ́ ẹ ṣe máa wọn ọ̀rọ̀ mi, ibi tí mo dúró sí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ rèé: èmi náà gba fọ́ọ̀mù ní Amẹ́ríkà àti ní Yúróòpù, àwọn kan mú mi, àwọn kan ò tiẹ̀ wojú mi lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí mo wá wọlé tán mo ríṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe ní ọ́fíìsì àdímíṣọ̀n iléèwé wa, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Èmi kọ́ ni mò ń pinnu ẹni tí wọ́n máa mú o, iṣẹ́ mi ni kí n to fáìlì, kí n pe àwọn tí wọ́n ti mú lórí fóònù, kí n sì jókòó sẹ́yìn kí n máa kọ nǹkan sílẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀gá bá ń jiyàn. Lẹ́yìn ìyẹn mo ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn ka àròkọ wọn kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ò ju ìyẹn lọ, àfi èyí tó wà nínú òfin tí gbogbo ayé lè kà.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi àpótí tí wọ́n ti ń béèrè ẹ̀yà àti àwọ̀ ara nínú fọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ torí ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń dàrú mọ́ èèyàn lójú jù. Tí àwọn ará Amẹ́ríkà bá ń sọ̀rọ̀ "underrepresented minority", ọmọ ìlú tiwọn ni wọ́n ń sọ: aláwọ̀ dúdú ti Amẹ́ríkà, àwọn Hispanic tí ìran wọn ti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípáníìṣì wá, àwọn Native American tó ni ilẹ̀ níjọ́un. Ìwọ tó ò ń ti òkèèrè bọ̀ pẹ̀lú físà F-1 ti akẹ́kọ̀ọ́, o ò sí nínú ìṣirò yẹn. Àkọsílẹ̀ kan wà tí ìjọba àpapọ̀ wọn máa ń gbà lọ́wọ́ àwọn iléèwé lọ́dọọdún, IPEDS lorúkọ ẹ̀, nínú ẹ̀, ọmọ ìlú àti ẹni tó ní green card ni wọ́n máa ń pín sí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, àwa tó kù, o báà dúdú bí kóró iṣin, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n da gbogbo wa sí, "U.S. Nonresident". Ọmọ Ghana, ọmọ Ṣáínà, ọmọ Brazil, ọmọ Norway, ìlà kan náà.

Mo rí i fojú mi nínú kíláàsì tèmi. Àwọn méjì wà tó jẹ́ orílẹ̀-èdè kan náà ni wọ́n ti wá, ọ̀kan ti gba green card látara àwọn òbí ẹ̀, èkejì wá pẹ̀lú F-1. Nígbà tí iléèwé tẹ ìwé jáde nípa irú àwọn èèyàn tó wà ní kíláàsì wa, ẹni àkọ́kọ́ bọ́ sábẹ́ "Black or African American", èkejì bọ́ sábẹ́ "international". Bẹ́ẹ̀ èdè kan náà ni wọ́n jọ ń sọ ní kọ́rídọ̀ o. Torí náà ẹni tó bá ní green card tó ń ka èyí, ọ̀rọ̀ tìẹ yàtọ̀ sí tàwa, má fi tìẹ wé tiwa. Àwọn ètò bíi The Consortium for Graduate Study in Management, tó ti wà láti 1966 tó ń fún àwọn oní-MBA ní owó iléèwé, ọmọ Amẹ́ríkà àti ẹni tó ní green card ni wọ́n máa ń wò látìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, mo mọ ẹnì kan tó fi gbogbo ìsinmi ẹ̀ kọ àròkọ tiwọn kó tó ka ìlà yẹn.

Àpótí yẹn fúnra ẹ̀ tiẹ̀ ti dín agbára kù fún àwọn ọmọ onílùú gan-an. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 2023, kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ tí Students for Fair Admissions pe Harvard àti yunifásítì North Carolina, wọ́n ní iléèwé ò gbọdọ̀ tìtorí ẹ̀yà gbé ẹnikẹ́ni síwájú ẹlòmíì mọ́. Àyè tí kóòtù kan náà ti fún iléèwé láti máa wo ẹ̀yà, láti ẹjọ́ Bakke ní 1978 àti Grutter ní 2003, ó parí síbẹ̀. Àmọ́ John Roberts, adájọ́ àgbà tó kọ ìdájọ́ yẹn, fi àyè kan sílẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ nípa bí ẹ̀yà ẹ̀ ṣe kan ìgbésí ayé ẹ̀, ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ni o, ohun tó fún un lókun ni o, iléèwé sì lè gbé e yẹ̀ wò, kó ṣáà jẹ́ pé èèyàn yẹn fúnra ẹ̀ ni wọ́n ń wò, ìgboyà ẹ̀ tàbí ohun tó lè ṣe. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, a máa padà débẹ̀ tá a bá dé orí àròkọ.

Ní 2025 ọ̀rọ̀ yẹn tún le sí i. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ń ṣèwádìí yunifásítì 45 torí àjọṣe wọn pẹ̀lú The PhD Project, ètò kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994 kí àwọn ẹ̀yà tí ò pọ̀ láàárín àwọn olùkọ́ business lè máa gba PhD. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń rí i tí ìbéèrè inú fọ́ọ̀mù ń yí padà, ibi tí wọ́n ti máa ń kọ "diversity" gàdàgbà tẹ́lẹ̀, wọ́n á ní kó o sọ ohun tó ti mú kó o rí bó o ṣe rí lónìí. Ohun kan náà ni wọ́n fẹ́ gbọ́, ẹnu ni wọ́n ń ṣọ́.

Wàyí o, ibi tí diversity ti ń ṣiṣẹ́ fún àwa tòkèèrè ni orílẹ̀-èdè tó o ti wá àti iye àwọn tẹ́ ẹ jọ ti ibẹ̀ wá tẹ́ ẹ ń du ìjókòó kan náà. Masters in Finance ò rí bíi MBA. Àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù ẹ̀ ṣì kéré lọ́jọ́ orí, wọ́n mọ ìṣirò, àjèjì ló sì máa ń pọ̀ jù nínú wọn, pàápàá láti Ṣáínà àti Íńdíà. Ẹ wo àkọsílẹ̀ Open Doors fún 2023/24: nínú akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè 1,126,690 tó wà ní Amẹ́ríkà, 331,602 ti Íńdíà wá, 277,398 ti Ṣáínà wá. Orílẹ̀-èdè méjì péré ló kó ju ìdajì lọ, ìyẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ pátá o, ẹ wá lọ wo kíláàsì finance níbi tí wọ́n ti fún pọ̀ jùyẹn lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ wá ni pé ìgbìmọ̀ kì í fi gbogbo èèyàn wéra lẹ́ẹ̀kan náà. Wọn ò ní kọ ọ́ síbì kankan, àmọ́ tẹ́ ẹ bá jókòó sí yàrá yẹn ẹ máa rí i. Tí fáìlì àwọn tó ti orílẹ̀-èdè kan náà bá pọ̀, wọ́n á máa fi wọ́n wé ara wọn, ẹni tó bá ní 168 nínú 170 lórí GRE Quant (apá ìṣirò inú ìdánwò ìwọlé míì) pẹ̀lú internship, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́, ní báńkì ńlá á wá rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbé nǹkan kan náà wá, orúkọ yunifásítì kan náà, ẹ̀kọ́ kan náà, kódà gbólóhùn kan náà nínú àròkọ. Mo rántí ọ̀sán ọjọ́ kan tí wọ́n ń jiyàn lórí fáìlì méjì. Ẹnì kan jẹ́ ẹnjiníà láti ibi tí èèyàn ti pọ̀, máàkì ẹ̀ dúró dáadáa, kò sí àléébù kankan. Ẹnì kejì, máàkì ẹ̀ fi díẹ̀ relẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, àmọ́ ó ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì ní orílẹ̀-èdè kan tí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì ò ti wá rí. Ẹnì kejì ni wọ́n mú. Ẹ̀yin á ní "ẹ̀n-ẹ́n, diversity!" Ẹ ní sùúrù. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí fáìlì kẹta fi jáde, òun náà láti orílẹ̀-èdè tí ò wọ́pọ̀, ìtàn ẹ̀ dùn létí ju ti gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n kò sí calculus kankan nínú transcript ẹ̀ (ìwé máàkì yunifásítì) kọjá ọdún kìíní, Quant ẹ̀ sì wà nísàlẹ̀. Wọn ò jiyàn lórí ẹ̀ rárá, wọ́n ṣí i, wọ́n pa á dé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ka finance, ó yẹ kí èyí tètè yé yín ju ẹnikẹ́ni lọ. Harry Markowitz ló ṣàlàyé ẹ̀ ní 1952, ó sì wà lára àwọn tó gba Nobel ní 1990: tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra nǹkan kún portfolio (àkójọ ohun tẹ́ ẹ fowó sí), kì í ṣe èrè nǹkan yẹn nìkan lẹ máa wò, ẹ máa wo bó ṣe ń bá àwọn tó ti wà níbẹ̀ rìn. Èyí tí kì í bá wọn gòkè bá wọn sọ̀ wúlò. Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa lọ ra ohun tó ń jẹ gbèsè torí pé kò bá àwọn yòókù rìn. Bí ìgbìmọ̀ ṣe ń ronú gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìṣirò lẹnu ọ̀nà, tó o bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á tó béèrè pé kí lo máa fi kún àwọn tó ti wà nínú ilé.

Kí ló dé tí wọn kì í mú ẹnu ọ̀nà yẹn rọrùn fún ẹnikẹ́ni? Torí wọ́n ti rí ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀. Ìgbà ìkẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ lẹ máa pàdé àwọn kọ́ọ̀sì oníṣirò tó le bíi econometrics àti derivatives, àwọn kan á ti da stochastic calculus mọ́ ọn, ọdún kan péré sì ni ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì yìí, ẹni tó bá ṣubú ní oṣù kejì kò ní ráyè dìde kí àwọn ilé iṣẹ́ tó wá gbani. Nípa máàkì GMAT, ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má fi ti tuntun wé ti àtijọ́ o, èyí tí wọ́n mú jáde ní oṣù kọkànlá 2023 ń lọ láti 205 dé 805, 645 tiẹ̀ ló sún mọ́ 700 ti tẹ́lẹ̀. Lórí GRE náà, àwọn tó mọ ìṣirò ti pọ̀ jù tí 170 tó pé pérépéré nínú Quant ò fi gbé èèyàn dé òkè pátápátá mọ́.

Ohun kan tún wà tí àwọn tí orílẹ̀-èdè wọn ò wọ́pọ̀ kì í rò, ó sì yẹ kí wọ́n rò ó. Jíjẹ́ ẹni tí ò wọ́pọ̀ ń gé èèyàn lọ́wọ́ náà. Àwọn olùkàwé fáìlì mọ yunifásítì Beijing, wọ́n mọ IIT ti Íńdíà, wọ́n ti mú àwọn tó ti ibẹ̀ wá, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ṣe sí. Tìẹ ńkọ́? Wọn ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, wọn ò mọ̀ bóyá 68 lórí 100 jẹ́ ẹni tó dáa jù ní kíláàsì ni tàbí ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Mo ti rí ọ̀gá kan tó ń wo transcript bẹ́ẹ̀ tó kàn ń mi orí. Ohun tó gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni gbólóhùn kan nínú lẹ́tà olùkọ́ ẹ̀ tó sọ ipò tó wà láàárín gbogbo àwọn tó bá a jáde lọ́dún yẹn, ó sì sọ pé kò sẹ́ni tó gba A nínú kọ́ọ̀sì yẹn láti ọdún mélòó kan. Tí olùkọ́ yín bá fẹ́ kọ lẹ́tà fún yín, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kàn kọ "ọmọlúàbí ni, ó ń wá kíláàsì déédéé". Fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀, GMAT tàbí GRE ló máa ń sọ̀rọ̀ sókè jù, torí òun nìkan ni nǹkan tí wọ́n lè fi wé tàwọn yòókù. Kódà tí iléèwé bá ní kò pọn dandan, tẹ́ ẹ bá ti ibi tí wọn ò mọ̀ wá, ẹ ṣe é.

Ẹ tún jẹ́ n sọ ọ̀rọ̀ ranking díẹ̀, ìyẹn títo iléèwé ní ipò-ipò, torí àwọn èèyàn máa ń ní ranking ló ń mú wọn wá diversity. Ìwé ìròyìn Financial Times ti ń to àwọn Masters in Finance láti 2011, wọ́n sì máa ń ka iye obìnrin àti iye akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ àjèjì. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: àjèjì ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ orílẹ̀-èdè tí iléèwé wà. Tó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo ni gbogbo àjèjì yẹn ti wá, máàkì iléèwé ò ní yingin lórí ìlà yẹn. Nítorí náà ranking kọ́ ló ń mú kí wọ́n wá ọmọ Kenya tàbí ọmọ Peru. Ohun tó ń mú wọn wá a ni pé àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbani síṣẹ́ máa ń ráhùn tí gbogbo CV bá jọra, àwọn olùkọ́ máa ń ráhùn tí gbogbo kíláàsì bá ń sọ èdè kan tí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́, àti pé, èyí ló wá ká wọn lára jù, ìjọba kan ṣoṣo lè yí òfin físà tàbí owó padà kí ìdajì kíláàsì má lè wá. Ọdún 2020 kọ́ wọn lọ́gbọ́n.

Ti obìnrin kò gba àlàyé púpọ̀: ó ń ṣiṣẹ́. Nínú gbogbo nǹkan tí mo rí, òun ló hàn jù, pàápàá ní àwọn kọ́ọ̀sì tó jẹ́ ìṣirò pọ́nńbélé tí obìnrin ò pọ̀ nínú àwọn tó ń gba fọ́ọ̀mù, tí owó ìrànwọ́ bá sì wà tó jẹ́ ti obìnrin, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kò sí òfin "ọmọ ìlú nìkan" nínú ẹ̀. Forté Foundation wà láti 2001, ó ń bá àwọn iléèwé business ṣiṣẹ́ lórí ìyẹn. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ wo ojú ìwé owó ìrànwọ́ iléèwé kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó wo ti orílẹ̀-èdè.

Ohun tó o kà tẹ́lẹ̀ náà wà nínú diversity, ibẹ̀ ló sì ti yẹ kéèyàn mọ irú kọ́ọ̀sì tó ń lọ. Kọ́ọ̀sì tó ń kọ́ èèyàn ní corporate finance àti asset management lè fẹ́ràn agbẹjọ́rò kan tàbí dókítà kan tó ti fi hàn pé òun mọ ìṣirò. Àmọ́ kọ́ọ̀sì finance oníṣirò ti Princeton, ti Baruch, tàbí MSCF (computational finance) ti Carnegie Mellon tó ti bẹ̀rẹ̀ láti 1994, ẹ má lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìtàn nìkan, linear algebra àti probability àti programming ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá. Tó o bá sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan, London Business School ní Masters in Finance tó jẹ́ ti àwọn tó ti nírìírí iṣẹ́, Masters in Financial Analysis wọn ni ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ibi tí ìrírí ti wúwo ni iṣẹ́ tó o ṣe ní ọjà tí wọn ò mọ̀ ti lè sọ̀rọ̀ fún ẹ.

Ní Yúróòpù ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà míì. Ní ilẹ̀ Faransé òfin ò fẹ́ kí wọ́n máa kó ẹ̀yà èèyàn jọ sínú àkọsílẹ̀, òfin 1978 ló ti wà, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí òfin àgbà wọn sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní 2007, torí náà tẹ́ ẹ bá ń kọ fọ́ọ̀mù àwọn iléèwé business wọn bíi HEC Paris tàbí ESSEC, ẹ má wá àpótí àwọ̀ ara kiri, pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n mọ̀. Ní ìlú Ọba, Equality Act 2010, òfin tó lòdì sí ojúsàájú, ló wà, ìbéèrè ẹ̀yà tẹ́ ẹ bá rí nínú fọ́ọ̀mù, ti ìṣirò ni, ẹni tó ń yan èèyàn kì í sábà rí i. Èyí tó wù mí jù ni Erasmus Mundus, ètò Masters àti owó ìrànwọ́ ti àjọ Yúróòpù (EU), torí òun ló kọ ọ́ sílẹ̀ kedere: nínú gbogbo owó ìrànwọ́ tí ètò kan bá fi sílẹ̀, ọmọ orílẹ̀-èdè kan ò gbọdọ̀ gbà ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹ tún un kà. Ibí nìkan ni mo ti rí i tí ti pé èèyàn ti orílẹ̀-èdè tí ò wọ́pọ̀ wá fi jẹ́ òfin tí wọ́n kọ dúdú lórí funfun, owó náà sì jẹ́ 1,400 euro lóṣù láì sanwó iléèwé. Fún ẹni tó fẹ́ràn ìṣirò, QEM (quantitative economics ni, àwọn yunifásítì mélòó kan ló jọ ń ṣe é) wà nínú wọn, Paris 1, Bielefeld, Barcelona, Venice. Ẹ̀yin tí orílẹ̀-èdè yín pọ̀ níbẹ̀, ìdá mẹ́wàá yẹn náà ló máa dè yín mọ́lẹ̀ o, ẹ mọ̀ pé ará ilé yín lẹ ń bá du ú.

Ó ku àròkọ, ibi tí mo ti rí ìjákulẹ̀ jù. Nígbà tí wọ́n bá béèrè pé kí lo máa mú wá sí kíláàsì, ọ̀pọ̀ èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn ìṣẹ́: iná ò sí, omi ò sí, mo fi fìtílà kàwé. Mi ò sọ pé irọ́ ni. Ṣùgbọ́n olùkàwé tó ti ka irú ẹ̀ láti àárọ̀ kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, àánú kì í ṣe ohun tó lè kọ sínú àpótí máàkì. Ìtàn kejì ni ti "àṣà wa jinlẹ̀, mo máa fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi". Èyí tiẹ̀ burú ju ti ìṣẹ́ lọ lójú tèmi. Ti ẹ̀kẹta, gbogbo àwọn tó ti ìlà oòrùn Áfíríkà wá ló ń kọ nípa M-Pesa, owó orí fóònù ti Kenya, láti 2007 tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó sinmi, àfi tó bá jẹ́ pé ẹ ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Àròkọ tó dáa jù tí mo kà nígbà tí mo wà ní ọ́fíìsì yẹn, ọmọ Kazakhstan kan ló kọ ọ́. Kò sọ ohun kan nípa àṣà. Ó sọ pé ní oṣù kẹjọ 2015 ìjọba wọn jọ̀wọ́ tenge, owó ìlú wọn, sílẹ̀ lọ́wọ́ ọjà, owó náà já wálẹ̀ lójijì, òun sì wà ní ilé iṣẹ́ kan tó jẹ gbèsè dọ́là àmọ́ tenge ló ń wọlé fún wọn. Ó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ṣe, ìdí tí hedging (dídáàbò bo ara ẹni lọ́wọ́ ìyípadà owó) tí wọ́n kọ́ nínú ìwé ò fi ṣeé ṣe níbẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ta forward (àdéhùn iye dọ́là fún ọjọ́ iwájú) tó gùn fún wọn ní iye tó bójú mu, ó wá béèrè ìbéèrè tó fẹ́ wá dáhùn ní kọ́ọ̀sì náà. Ọ̀gá tó kà á sọ ọ́ sókè: "Ẹni yìí á jẹ́ kí kíláàsì mi le." Ẹ rí i pé ohun tí ò wọ́pọ̀ nípa ẹ̀ kì í ṣe pásípọ́ọ̀tù, ohun tí pásípọ́ọ̀tù yẹn jẹ́ kó rí tí àwọn yòókù ò rí ni. Ìyẹn náà ló sì bá àyè tí Roberts fi sílẹ̀ mu, tẹ́ ẹ bá rántí: èèyàn fúnra ẹ̀ àti ohun tó lè ṣe. Èmi nígbà tí mò ń kọ tèmi, nípa iye owó dọ́là tó ń jẹ́ oríṣi méjì, ti ìjọba àti ti ìta, ni mo kọ ọ́, bí mo ṣe máa ń ṣírò iye ilé iṣẹ́ kan tí mi ò mọ èwo nínú méjèèjì ni kí n lò. Mo ṣì gbà pé òun ló gbé mi wọlé, máàkì mi ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ mi.

Íntáfíù náà ń bẹ, ọ̀pọ̀ iléèwé ń lo Kira báyìí, èyí tí kámẹ́rà á máa wò ẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní sí níwájú ẹ. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá o lè bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé iléèwé á máa ka iye àwọn tó ríṣẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta tí wọ́n jáde, àjèjì sì ṣòro láti gbà síṣẹ́ torí físà. Ẹ wo bóyá kọ́ọ̀sì yẹn jẹ́ STEM (ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò) ní Amẹ́ríkà, tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, oṣù 12 OPT (àyè láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́) pẹ̀lú 24 míì ló máa fún yín, láti 2016 ló ti rí bẹ́ẹ̀.

Pásípọ́ọ̀tù kan náà tó jẹ́ kí fáìlì yín dá yàtọ̀ lè wá dí yín lọ́nà ní ẹ́ḿbásì o. Ní oṣù kẹfà 2025 ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ìwé tó tilẹ̀kùn mọ́ orílẹ̀-èdè 12, tó sì dín ti 7 míì kù, físà akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú ẹ̀, Togo àti Sierra Leone wà nínú 7 yẹn, kí ọdún yẹn sì tó parí wọ́n ti fi àwọn míì kún un. Iléèwé lè fẹ́ ẹ tọkàntọkàn kó má sì sí ohun tó lè ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má kó gbogbo fọ́ọ̀mù sí orílẹ̀-èdè kan.

Lórí owó, diversity ò lágbára rárá ní ọ̀pọ̀ Masters in Finance, kọ́ọ̀sì tí iléèwé fi ń pawó ni, wọ́n lè fẹ́ ẹ tán kí wọ́n má fún ẹ ní kọ́bọ̀. Ìta lowó wà. Chevening ti ìlú Ọba fún Masters ọlọ́dún kan, wákàtí 2,800 iṣẹ́ ni wọ́n ń béèrè, o sì máa padà sílé fún ọdún méjì. Eiffel ti Faransé, iléèwé ló máa gbé orúkọ ẹ síwájú fúnra ẹ̀, ọjọ́ orí Masters ẹ̀ ò ju 25 lọ. Prodigy Finance ń yáni lówó láì sí onídùúró, àmọ́ iléèwé tó wà nínú ìwé wọn nìkan ni, gbèsè sì ni gbèsè ń jẹ́.

Ohun tó kẹ́yìn ni ìgbà tí ẹ máa fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Àwọn iléèwé tó ń mú èèyàn ní round-round, ìyẹn ìpele-ìpele tí kálukú ní ọjọ́ ìparí tiẹ̀, ní round àkọ́kọ́ kíláàsì ṣì ṣófo, kò tíì sí ẹni tó o máa jọ. Tó bá fi máa di round kẹta wọ́n ti mọ iye tó ti ibì kọ̀ọ̀kan wá, ìjókòó tó kù ò tó nǹkan, owó ìrànwọ́ sì ti lọ. Ẹni tí orílẹ̀-èdè ẹ̀ wọ́pọ̀ ni kó má tiẹ̀ dé round kẹta rárá. Ẹni tí tiẹ̀ ò wọ́pọ̀ lè rí àyè níbẹ̀ nígbà míì, mo ti rí i, àmọ́ físà lè má yá mọ́ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á wá ní kó dúró di ọdún tó ń bọ̀.